Ní ti Sùúrù àti Ọkàn Tí Ń Lù Nínú Àyà Wa

Mo mọ̀ pé bí ìwé yìí bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ ó kọ́kọ́ wo ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo sí, kí ẹ tó wá ka ọ̀rọ̀ àwa olùkọ́. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó sì ti ná ilé bàbá mi ní ohun tí a kò lè rí gbà padà.

Ìyá kan náà ni ó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Ìsẹ́yìn. Òrí ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Bí oníbàárà bá nájà títí tí ó sì lọ láìrà, ẹ̀gbọ́n mi a tún kí i pé kí ó lọ ire. N kò rántí ọjọ́ kan tí ó gbé ohùn sókè sí ọmọ tàbí sí orogún. Èmi ni oníbìínú inú ilé. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé pàṣán kì í jìnnà sí ọwọ́ mi, àwọn akọrin sì mọ̀ pé bí orin bá ṣì wọ́n lọ́nà, ojú mi yóò pọ́n.

Ní ọjọ́ kan àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tèmi jẹ́ 170 lórí 105, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń dé 140 lórí 90 nígbà gbogbo ni à ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ẹ kúkú máa ń bínú jù.” Wọ́n fún mi ní oògùn, mo sì ń lò ó. Mo rọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí òun náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò mi, kí ni wọn yóò wọ̀n lára mi? Èmi kì í bínú, n kì í sì í ronú.” Èmi náà gbà á gbọ́, n kò tún sọ ọ́ mọ́. Ní ọdún kejì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nídìí ìkòkò òrí rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju tèmi lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ kẹta ó sùn nínú Olúwa. Onísùúrù ni ó lọ. Oníbìínú ni ó wà láàyè tí ó ń kọ ìwé sí yín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí a ń pè ní sùúrù, àti irú rẹ̀ tí ó lè gba ọkàn là. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ìbínú ń ba ọkàn jẹ́. Òótọ́ ni. Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ọkàn tí ń ronú àti ọkàn tí ń lù ní àyà. Àwọn bàbá wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkàn tí ń lù yìí kò tóbi ju ìkúùkù ènìyàn lọ púpọ̀. Bí ara bá balẹ̀, ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 100,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sán kan àti òru kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọkàn kì í sinmi títí ikú yóò fi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan ó ń sinmi díẹ̀, ìsinmi náà sì gùn ju iṣẹ́ lọ. Àkókò ìsinmi yìí gan-an ni ọkàn fúnra rẹ̀ ń jẹun jù. Nígbà tí ó bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, a máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà pa. Ìgbà tí ó bá túra ni ẹ̀jẹ̀ tó ráyè wọ inú ẹran ara rẹ̀. Bí ìbínú bá dé, ọkàn a sáré, ìsinmi ni ó sì máa ń dínkù jù. Iṣẹ́ di púpọ̀, oúnjẹ di kékeré. Àgbẹ̀ wo ni ó jẹ́ fi kún ebè alágbàṣe rẹ̀ kí ó sì gba àwo ọkà kúrò ní iwájú rẹ̀?

Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, nǹkan kékeré kan wà bí kókó, tí ń tú oje sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá bínú tàbí tí ẹ̀rù bá bà wá. Oje náà a mú kí ọkàn sáré, a fún iṣan ẹ̀jẹ̀, a sì mú kí ẹ̀jẹ̀ yára dì. Fún ẹni tí ó pàdé ejò ní ọ̀nà oko, oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti aládùúgbò rẹ̀ di ejò, tí ó ń pàdé wọn láràárọ̀, oje náà yóò di májèlé fún un.

Ní ọdún 2024 àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn ìdánwò wọn jáde. Wọ́n kó ènìyàn 280 tí ara wọn le jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn rántí ohun tí ó ti bí wọn nínú rí, fún ìṣẹ́jú 8 péré. Títí di ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí kò lè ṣí bí ó ti yẹ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó bú wọn ní ọjọ́ náà. Ìrántí nìkan ni. Nítorí náà ẹni tí ń ka ẹ̀sùn ọdún mẹ́wàá lórí ibùsùn rẹ̀ lálaalẹ́ kò fìyà jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń fún.

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ìgbà ayé rẹ̀. Ìrora àyà a máa mú un nígbà tí inú bá bí i, òun tìkára rẹ̀ sì máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù láti tọ́ òun ni ẹ̀mí òun wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1793, ó lọ sí ìpàdé àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn St George's. Àríyànjiyàn dé, wọ́n ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi ìbínú jáde sí yàrá kejì, ó sì kú níbẹ̀. Ó mọ àrùn rẹ̀, ó mọ ohun tí ń fà á. Ìmọ̀ nìkan kò gbà á.

Lẹ́yìn rẹ̀, oníṣègùn méjì ní San Francisco, Meyer Friedman àti Ray Rosenman, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwà àwọn tí àrùn ọkàn ń mú. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọkùnrin 3,154 fún ọdún 8 àti ààbọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn oníkánjú, tí kò lè dúró de ènìyàn, tí ń bá gbogbo ayé díje, ni àrùn ọkàn mú tó ìlọ́po méjì àwọn tí ara wọn balẹ̀. Ní ọdún 1986 Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ròyìn pé wọ́n ti fi ọdún 4 àti ààbọ̀ kọ́ àwọn tí àrùn náà ti mú rí ní sùúrù: kí wọ́n máa rọra jẹun, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn parí, kí wọ́n tilẹ̀ máa yan ìlà tí ó gùn jù níbi tí èrò bá tò sí. Nínú 100 àwọn tí a kọ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 13 ni àrùn náà tún padà mú. Nínú 100 àwọn tí a fún ní ìmọ̀ràn oníṣègùn lásán, nǹkan bí 21 ni. Ẹ rí i pé sùúrù ṣeé kọ́, kódà fún ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni èyí jẹ́ fún irú èmi.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ọ̀pọ̀ yín yóò ní, “Ó tán! Sùúrù ni oògùn.” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi rò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Àwọn oníwàádìí mìíràn tí ó tún ọ̀rọ̀ Friedman àti Rosenman yẹ̀ wò lẹ́yìn náà kò rí ohun kan náà nígbà gbogbo. Èyí tí ó dúró jù ni pé ìbínú àti ìkóríra ń ṣe ọkàn ní ibi. Ìkánjú iṣẹ́ nìkan kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí a ṣí ìwé ìkọ̀kọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tábà ní Amẹ́ríkà, a rí i pé wọ́n ti na owó púpọ̀ lé irú ìwádìí yìí lórí, Philip Morris sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wù wọ́n kí ayé gbà pé ìwà ènìyàn ni ó ń pa ọkàn, kí ojú má baà wà lára sìgá. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, àwa tí a ti gbin tábà ní ilẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: kò sí sùúrù tí ó lè wẹ èéfín kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí ń fa sìgá ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa ara rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo Igbó-Ọrà, aládùúgbò wa ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣègùn láti Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì wọn ti àwọn ará Cameroon, ti àwọn erékùṣù Jàmáíkà, St Lucia àti Barbados, àti ti àwọn ènìyàn dúdú ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Gbogbo wọn tó 10,000, ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni gbogbo wọn. Ìròyìn náà jáde ní ọdún 1997: nínú 100 àgbàlagbà, ẹlẹ́jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, 26 ní àwọn erékùṣù, 33 ní Maywood. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Kí ni ó yà wọ́n? Ìsanra àti iyọ̀ kó ipa tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará Igbó-Ọrà ní sùúrù ju ará Maywood lọ. Wọ́n ń rìn lọ sí oko, ara wọn fúyẹ́, oúnjẹ wọn kò sì ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwa ń kọ́? Àwa tí à ń gun ọ̀kadà lọ sí oko tí bàbá wa fi ẹsẹ̀ rìn dé, tí à ń da mágí mẹ́rin sí ìkòkò ọbẹ̀ kan lórí iyọ̀, ọ̀nà Maywood ni a dojú kọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkúgbé, ọmọ Oǹdó, ẹni tí a bí ní ọdún 1933 tí ó sì sùn ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí àrùn yìí ní Ìbàdàn, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1972 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ara ènìyàn dúdú. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi kọ́ wa ni pé àrùn yìí jẹ́ olè tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ó lè wà ní ara ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìsí orí fífọ́, láìsí òòyì. Kì í béèrè bí o bá jẹ́ oníbìínú tàbí oníwà tútù. Ẹ̀rọ tí a ń fi wọ̀n ọ́n ni ó ń mú un.

Njẹ́ èmi ha ń sọ pé sùúrù kò níye lórí? Kí a má rí i! Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti fi orúkọ sùúrù pe ohun tí kì í ṣe sùúrù.

Àkọ́kọ́, ìgbéjẹ́ẹ́ kì í ṣe sùúrù. Ẹni tí a rẹ́ jẹ tí ó dákẹ́, tí inú rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, kò ní sùúrù. Ìdérí ni ó dé e. Jóòbù ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ sùúrù nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ yóò rí i pé Jóòbù kò dákẹ́: ó ráhùn, ó bi Ọlọ́run ní ìbéèrè, ó dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Pọ́ọ̀lù náà nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù kò ní kí a má bínú. Ó ní kí ìbínú wa má bá oòrùn wọ̀. Bí màlúù bá jẹ oko rẹ, sùúrù kò ní kí o jókòó kí o máa sunkún, kò sì ní kí o fa àdá yọ. Pe ẹlẹ́rìí, jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ó bàjẹ́, lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti Sẹ̀ríkí, kí o sì dúró de owó gbà-má-bínú rẹ. Ìyẹn ni sùúrù: ó ní ẹsẹ̀, ó ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò ní idà.

Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwa olùkọ́ ìjọ. Iye obìnrin tí ó ti wá bá mi pé ọkọ wọn ń lù wọ́n, tí mo sì sọ fún pé kí wọ́n lọ ṣe sùúrù, n kò lè kà á. Ọkọ ni ó yẹ kí n wàásù sùúrù fún. Ẹni tí a lù kọ́ ni ìwàásù náà tọ́ sí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Láti ìsinsìnyí, ẹni tí ń lu ìyàwó rẹ̀ ni mo ń lọ bá.

Ẹ̀kejì, àìṣe nǹkan kì í ṣe sùúrù. Àpọ́sítélì Jákọ́bù fi àgbẹ̀ tí ń dúró de òjò ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àgbẹ̀ tí ń dúró de òjò kì í sùn? Ó ti kọ ebè, ó ti gbin iṣu, ó ti fi ewé bo orí ebè kí oòrùn má baà sun ún. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti ṣe tán, èyí tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń dúró dè. Igi òrí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹun a máa lò tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso dáadáa. Ẹni tí kò gé e fún èédú nígbà tí ó wà ní kékeré ni ó fi sùúrù sin ọmọ rẹ̀.

Ní ti àrùn ọkàn, irú sùúrù yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù láàárín wa. À ń wá ìwòsàn ọjọ́ kan. Bí a bá fún wa ní oògùn tí a óò máa lò lójoojúmọ́ títí ayé, ó ń rẹ̀ wá. Bí ara bá ti yá fún oṣù méjì, a ó sọ ọ́ nù, a ó ní a ti gba ìwòsàn; kò sì yé wa pé oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Ẹ rántí Náámánì, balógun Síríà. Ìbínú mú un nítorí pé ohun tí wòlíì ní kí ó ṣe kéré jù lójú rẹ̀: kí ó lọ wẹ̀ nínú odò lásán, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe ní ìgbà méje. Díẹ̀ ni ó kù kí ìbínú gbé ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ padà sí ilé. Bí ó bá sì ti dúró ní ìgbà kẹfà, ṣé ẹ rò pé ara rẹ̀ yóò mọ́? Oògùn kékeré tí a ń gbé mì láràárọ̀ ni Jọ́dánì tiwa. Ẹni tí ó wẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà kò tíì wẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ fi sùúrù tọ́jú ọkàn yín, ẹ ṣe báyìí. Kí gbogbo ẹni tí ó ti dàgbà, oníwà tútù àti oníbìínú, lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ má ṣe fi ìwà ẹnikẹ́ni díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí iyọ̀ gbogbo tí ènìyàn ń jẹ ní ọjọ́ kan má ju ṣíbí ìpo-tíì kan lọ, kí a sì ka ti inú mágí mọ́ ọn. Kí ẹni tí ń fa sìgá jáwọ́. Kí ẹni tí a fún ní oògùn má dá a dúró láìjẹ́ pé oníṣègùn sọ bẹ́ẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá sì wọ́n jù, kí ó sọ fún oníṣègùn, a lè rí èyí tí kò wọ́n. Bí inú bá bí ọ, jókòó, kí o rọra mí, kí èémí wíwọlé àti jíjáde má ju ìgbà 6 lọ ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkàn rẹ yóò ráyè jẹun. Bí ìrora bá dì mọ́ ọ ní àyà, tàbí bí apá kan ara bá kú tàbí tí ẹnu bá wọ́ lójijì, ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ sùúrù: ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní wàràwàrà.

Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mú un ná. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀sọ̀, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ohun tí ó yẹ kí ó mú, èmi àbúrò rẹ̀ tí mo mọ ìwé sì dákẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí mo ti gbé oògùn tèmi mì, mo sì ti kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Méjì nínú wọn ga. Wọn kì í bínú, wọ́n jọ ìyá wọn. Wọ́n ń lo oògùn báyìí.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ó balẹ̀, kí Ó sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n.